Ẹsẹ̀ Tó Po Epo Àkọ́po

Ọ̀yọ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, èmi tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú Ọ̀yọ́ rí láyé mi. Ìganná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ní Dàhòmẹ̀, ẹni tó bá ti apá Nàìjíríà wá, Ọ̀yọ́ ni. Mo kọ́kọ́ ń bá wọn jà sí i. Nígbà tó yá mo panu mọ́, torí ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í yan orúkọ.

Ohun tó lé mi kúrò nílé kò ṣòro ṣàlàyé. Ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú mi lópó. Làmídì ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Aṣáà kì í kúrò nímú rẹ̀, obìnrin méjì ló sì ti kọ̀ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Wọ́n ní kí n jókòó kí n ronú. Mo jókòó lóòótọ́, mo ronú, mo gbé ọmọbìnrin mi fún ìyá mi, mo sì bá àwọn ìyá aláṣọ tẹ̀lé ọ̀nà Dàhòmẹ̀. Làmídì ní òun máa dúró dè mí. Ẹ ò rí ọkùnrin tí kò níṣẹ́ méjì.

Wọ́n ti sọ fún wa nílé pé Òyìnbó ti kúrò ní Dàhòmẹ̀, pé àwọn aláwọ̀ dúdú ti gba ìlú wọn. Mo dé oko ọ̀pẹ tó wà láàrin Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti Másẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí mo sì rí ni Òyìnbó dúdú kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Mùsíè, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ àgbẹ̀ Másẹ̀ ni bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn Faransé ṣe akọ̀wé ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn, ìgbà tó sì padà dé, ó ní oòrùn ìlú òun ti ń fọ́ òun lórí. Tó bá ń bá wa sọ̀rọ̀, ó máa ń fi Faransé bẹ̀rẹ̀, a ó máa wò ó, á wá fi Yorùbá parí rẹ̀ tìbínú-tìbínú, bí ẹni pé àwa la jí Faransé náà gbé mì.

Iṣẹ́ ẹkù ni wọ́n gbà mí sí. Ẹkù ni kòtò tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, tí a ń da ẹyìn tí a ti sè sí, tí àwa obìnrin á wá wọ inú rẹ̀ lọ, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹran ara ẹyìn á fi kúrò lára ẹkùrọ́, ká tó bu omi lé e kí epo léfòó. Mo mọ iṣẹ́ náà láti kékeré. Nílé wa, nígbà tí wọ́n bá da ẹyìn láti inú àgbá sínú ẹkù, kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀ bí kò ṣe pé obìnrin tó dàgbà jù ti kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Tó bá ní "ó ti gbà," gbogbo wa á wọlé. Tó bá ní ó ṣì gbóná, a ó jókòó, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wa láìdáa. Kò sí ọba tó lè ní kó yára.

Ní ọ̀dọ̀ Mùsíè, ọkùnrin kan ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ wa á wọ ẹkù. Dòsú lorúkọ rẹ̀, òun ni ṣẹ́ẹ̀fù wa, òun ló ń dúró lé wa lórí. Àtàǹpàkò Dòsú kò kan ẹyìn gbígbóná rí. Ìwo kàmíọ̀nù tó ń wá kó epo lọ sí Àjàṣẹ́ ni Dòsú ń fetí sí. Bí ó bá ti gbọ́ ọ ní òkè ọ̀nà, ẹyìn ti tutù nìyẹn.

Ìdánìkanwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Èdè wa kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ká ọ̀rọ̀ wọn kò lẹ́nu lọ́nà tiwọn, ìgbà tí mo bá fi gbọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Kò sí tẹlifóònù fún irú wa nígbà yẹn. Tẹlifóònù mi ni Ràímì, ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta aṣọ láti ọ̀dọ̀ wa wá sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀, tó ń gbé ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn lọ gbé e bọ̀ lẹ́nu. Mo ní kó sọ fún ìyá mi pé ara mi le, kí ọmọ má gbàgbé mi. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìganná, Ràímì ti fi ẹnu kọ́lé onípáànù fún mi, ó ti fún mi ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ padà pé kí n má jẹ́ kí ọlá gùn mí. Mo wà lórí ẹní nínú yàrá tí òjò ń jò, ẹsẹ̀ mi pupa dé orúnkún, mo ń gbọ́ pé kí ọlá má gùn mí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ẹyìn ọdún kan, wọ́n ní ká mú epo àkọ́po lọ fún Baba Onílẹ̀. Baba Onílẹ̀ ni olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ tí ẹkù wà lórí rẹ̀. Arúgbó kékeré kan báyìí, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú ilé rẹ̀ ni èmi àti Rábì, obìnrin kan tí a jọ ń po epo, ń gbé. Rábì náà ti ìhà tiwa wá, ó kéré sí mi, ó lágbára, ó sì ní ìwà kan tó máa ń bí mi nínú: ó gbà pé bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá á fẹ́ràn rẹ̀.

Mùsíè wọ kóòtù funfun lọ́jọ́ náà, ó sì pe ayàwòrán wá láti Àjàṣẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé òun kò gbàgbé àṣà. Ó tò wá síwájú baba náà bí ẹni to ìgò. Baba gba igbá epo, ó bèèrè ẹsẹ̀ tó pò ó. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Baba da epo náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ní ilẹ̀ ti gbọ́ wa. Mùsíè ń rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán. Èmi ń yán ní tèmi, oúnjẹ ni mò ń rò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹyìn sínú ẹkù ni, èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀ tí a kò fi rí ara wa dáadáa. Ìwo kàmíọ̀nù dún. Dòsú ní ká wọlé. Mo ní kò tíì gbà. Ó ní Ọ̀yọ́ fẹ́ràn ẹjọ́ jù. Kò sí ẹni tó mira, ló bá fi ọ̀pá ti Rábì lẹ́yìn, torí òun ló sún mọ́ etí ẹkù jù. Rábì wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí mo bá ń da omi ẹ̀kọ. A fà á jáde. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a jáde tán.

Mùsíè jáde láti inú ilé rẹ̀, ó wo Rábì nílẹ̀, ó wo ẹkù. Ó bi wá bóyá awọ bọ́ sínú epo.

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo ti rí òǹrorò láyé mi, mo ti rí òǹrorò tó ń sunkún lẹ́yìn tó bá lu ènìyàn tán. Irú èyí tó jẹ́ pé epo ni àánú rẹ̀ ń ṣe é, n kò rí i rí. Ó wọlé padà lọ jẹun. Mo gbọ́ tí ṣíbí rẹ̀ ń kan àwo.

Oyin àti àdín la fi ń pa ẹsẹ̀ Rábì. Nígbà tó lè jókòó, mo bẹ Ràímì kó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń ti wọn lẹ́yìn, a gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba kan lọ. N kò ní dárúkọ ìlú tó wà. Ọkùnrin kan ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, àwòrán olórí ìlú wà lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn sójà ti ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn nígbà yẹn bí ọmọdé ṣe ń gba ọkọ̀ ìṣeré, ògiri náà sì ti rí àwòrán oríṣiríṣi. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ wọn kò yí padà ní tirẹ̀. Ọkùnrin inú àga náà kò sì yí padà.

Kó tó wo ẹsẹ̀ Rábì, ó ní kí n mú pápíyè wá, ìwé tó fi hàn pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wà ní ìlú wọn. Mo tú aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ náà. Mo ní, "Pápíyè rèé. Ẹ kà á."

Ó yí ojú kúrò. Ó ní ká máa lọ, òun máa ránṣẹ́. Kò purọ́, ó ránṣẹ́ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Mùsíè ló ránṣẹ́ sí, ká tó sì dé ilé lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ Rábì, Mùsíè ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, títí kan èyí tí mo sọ pẹ̀lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ó kó wa jọ síwájú ẹkù. Ó ní àlejò tó jẹun tán tó ń fọ́ àwo, ilé rẹ̀ ló yẹ kó padà sí. Ó ní ẹni tó mọ ọ̀nà ilé ìjọba yóò mọ ọ̀nà Nàìjíríà, pé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ òun àti ṣàndáàmù, ọlọ́pàá wọn, á wá sin èmi àti Rábì dé ibodè. Dòsú fi kún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bi í pé ẹsẹ̀ Rábì ńkọ́, ẹnu wo ni ẹsẹ̀ náà ní tí kò mú? Àwọn obìnrin tó kù ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọ̀rọ̀ náà lè ràn wọ́n. Àwọn tí a jọ fẹsẹ̀ kan po epo, tí mo ti fọ aṣọ ọmọ wọn, kò sí ọ̀kan tó lè gbójú sókè. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà ju Mùsíè lọ, torí ti Mùsíè kò yà mí lẹ́nu.

Wọ́n máa ń sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Irọ́ gbáà ni. Àlejò ń ríran ju onílé lọ, ẹnu ni wọn kò jẹ́ kó ní. Bí ọmọ ìlú bá ní iná jó òun, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Bí àlejò bá ní iná jó òun, wọ́n á bi í pé ta ló ní kó wá yáná. Mo di ẹrù mi, n kò gbàdúrà, inú ń bí mi jù.

Ràímì ló tún wá fi ata sí ojú egbò. Ó ti ọ̀dọ̀ wa dé, ó ní Làmídì kí mi, ó ti gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí n máa bọ̀, ó ti ra ẹní tuntun. Ẹní tuntun! Mo wo Rábì tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tí wọ́n máa gbé kọjá ibodè bí ewúrẹ́, mo wo ara mi lórí ẹní Làmídì pẹ̀lú aṣáà rẹ̀. Ohun tí mo sá fún láti Ìganná, ẹnu mi ló tún fẹ́ gbé mi padà sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, Mùsíè dé pẹ̀lú ṣàndáàmù kan nínú mọ́tò. Ó kọ́kọ́ lọ kí Baba Onílẹ̀, torí inú ilé rẹ̀ ni a wà, ó sì fẹ́ ṣe bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó ní òun wá kó àwọn Ọ̀yọ́ méjì tí kò ní pápíyè. Gbogbo ilé ti jáde. Baba yọ pákò lẹ́nu.

"Àwọn wo? Àwọn tó po epo àkọ́po?"

Mùsíè ní àwọn náà ni. Baba ní kí wọ́n gbé igbá kan wá. Òun fúnra rẹ̀ táràrà dé ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, ó gbé igbá náà síbi tó da epo sí lọ́jọ́ ayàwòrán.

"Ìwọ lo mú wọn wá síwájú mi. Mo bèèrè orúkọ wọn, wọ́n sọ, ilẹ̀ sì mu epo ẹsẹ̀ wọn níṣojú rẹ. A kì í lé ẹni tí ilẹ̀ bá ti mu epo ẹsẹ̀ rẹ̀, títí epo àkọ́po mìíràn á fi dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ìwé ni ọ́, bóyá ìwọ lè lé e. Igbá rèé. Bu epo rẹ padà kúrò nínú ilẹ̀, lẹ́yìn náà kó o máa kó wọn lọ."

Mùsíè rẹ́rìn-ín, ó fọ Faransé kan sí ṣàndáàmù. Ṣàndáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ẹsẹ̀ òun wà nítòsí ibi tí epo náà ti pọ́n ilẹ̀, ó rọra fà á sẹ́yìn.

Baba ní, "Bí o bá lé wọn láì bu ú, ó já sí pé ìwọ àti ilẹ̀ yìí ti parí ọ̀rọ̀. Mo yá ọ nílẹ̀ ni, n kò tà á fún ọ. Gbé ẹkù rẹ kúrò lórí rẹ̀."

Ẹkù onísímẹ́ńtì! Mo rí ojú Mùsíè bó ṣe ń wá ibi tó lè gbà. Ọkùnrin tó mọ Faransé bẹ́ẹ̀, tó mọ ọ̀gá nílé ìjọba, kò mọ ohun tí òun fi ẹnu ara rẹ̀ àti kóòtù funfun ṣe. Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ yàwòrán, Dòsú ni ì bá rán lọ gbé epo náà fún Baba, ẹnì kankan kì bá sì tò wá síwájú baba. Ṣàndáàmù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ní kí òun wá kó àlejò, òun kò sì rí àlejò kankan níbí. Ó wọ mọ́tò, ó jókòó síbẹ̀. Mùsíè dúró díẹ̀ sí i, ó nu ojú, ó sì tẹ̀ lé e.

Mo tú ẹrù mi. Mo ní kí Ràímì sọ fún Làmídì kó máa sùn lórí ẹní rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Baba kò tàn wá jẹ, ó ní ààbò náà ní òpin, ó di epo àkọ́po mìíràn. Mùsíè náà mọ̀, ó sì mú sùúrù. Dòsú rán mi lọ pọn omi níbi tó jìnnà jù, n kò ráhùn, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Rábì ń pa ẹkùrọ́ nílé Baba, ó ń kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àkókò ẹyìn tún kù sí dẹ̀dẹ̀, a gbọ́ pé Mùsíè ti bá àwọn ọmọbìnrin Másẹ̀ sọ̀rọ̀, pé àwọn ni yóò po epo àkọ́po. Kò sí Ọ̀yọ́ kankan nínú wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mu tiwọn, tiwa tán nìyẹn, ṣàndáàmù á sì lè rí àlejò.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn sójà tún gba ìjọba. Èyí ní ti òun yàtọ̀, ìyípadà ńlá ló dé, kò sí mùsíè mọ́, gbogbo ènìyàn di kámáráàdì. Mùsíè bọ́ kóòtù funfun, ó rán kaki. Ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ epo àkọ́po dé. Èmi àti Rábì jókòó lábẹ́ igi lókèèrè, ẹrù mi tún ti wà ní dídì. Wọ́n da ẹyìn sínú ẹkù. Àwọn ọmọbìnrin Másẹ̀ dúró létí rẹ̀, wọn kò wọlé. Dòsú sọ̀rọ̀ títí, wọn ò mira. Kàmíọ̀nù fun ìwo, wọn ò mira. Ìgbà tí Mùsíè fúnra rẹ̀ bi wọ́n ní ohun tó dé, èyí tó dàgbà nínú wọn ní ìyá àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn. Ẹni tí ẹkù yìí jó ni kó kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó sọ pé ó ti gbà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ń lọ sílé. Obìnrin méjì lára àwọn tó wo ilẹ̀ lọ́jọ́sí lọ dúró tì wọ́n, wọ́n gbé ojú wọn sókè wàyí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo rí wọn.

Mùsíè wo kàmíọ̀nù, ó wo ẹkù. Ó mọ̀ pé bí Rábì bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, epo Rábì ni, Baba á bèèrè orúkọ rẹ̀, ọdún mìíràn tún dé. Ó sì mọ̀ pé bí kò bá pè é, epo kò sí. Ó rìn wá bá wa lábẹ́ igi. N kò rí i kó rìn tọ ẹnì kankan lọ rí.

"Kámáráàdì," ó pe Rábì bẹ́ẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wò ó."

Rábì wo ojú mi. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ láìsí èmi, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le, mo gbọ́dọ̀ dì í mú nínú ẹkù. Ẹsẹ̀ tèmi náà á wọ epo nìyẹn. Mùsíè ní kò burú. Ó ní kò burú, ẹ gbọ́ mi bí, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

A rọra rìn dé ibẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ etí ẹyìn náà kí n tó jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀. Èéfín ti lọ tipẹ́, ó ti tutù bí omi àmù. Rábì fi ẹsẹ̀ alápàá náà tẹ̀ ẹ́, ó rì í dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dúró síbẹ̀ dáadáa. Obìnrin tó gbà pé ọ̀gá á fẹ́ràn òun! Ó yíjú sí Mùsíè, ó wò ó láti ìbọ̀sẹ̀ dé orí.

"Ó ṣì gbóná," ni Rábì wí.

Gbogbo wa mọ̀. Dòsú mọ̀, awakọ̀ kàmíọ̀nù mọ̀. Mùsíè ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun. Àwa náà jókòó sí etí ẹkù, èmi, Rábì àti àwọn ọmọbìnrin Másẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wa láìdáa.